Ẹ Wá Orúkọ Àwọn Ìyàwó: Ìrírí Mi Lórí Wíwá Ìdílé Bàbá Olóbì ní Zaria

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí bàbá ńlá rẹ̀ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òkè Ọya, tó bímọ sí Kánò, Zaria, Jos, Minna tàbí Gusau, tó kú síbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ nílé bí ó ṣe gbé ayé rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá tèmi. Ó ná mi lówó, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ó sì dá ìjà sílẹ̀ nínú ìdílé wa fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ka èyí kí ẹ tó gbéra, ó ṣeé ṣe kí ìyà yín má tó tèmi.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa kò gùn. Bàbá Olóbì, bàbá tó bí bàbá àgbà mi, ọmọ Ọ̀ffà ni. Réluwéè ló gbé e wá sí Zaria. Ó kọ́lé sí Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ìlú. Ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí Gọ́ọ̀lù Kóòsì, tí à ń pè ní Gánà báyìí, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Àbúrò Bàbá Olóbì ló tọ́ wọn dàgbà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kàdúná níbi tí wọ́n ti bí mi náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ọ̀ffà bí a bá lọ síbi òkú.

Nígbà tí bàbá àgbà mi kú, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí a fẹ́ pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo kọ orúkọ bàbá rẹ̀, mo kọ ìlú rẹ̀, mo kọ iṣẹ́ tó ṣe. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó lò ju ọgọ́rin ọdún lọ láyé, kò dárúkọ ìyá rẹ̀ fún ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kàdúná, ní kí n fò ó. Mo fò ó, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi.

Réluwéè ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lẹ́yìn, torí pé ohun tí wọ́n sọ nílé nìyẹn. Mo ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti Báró, etí odò Ọya kan náà, ó gba Minna àti Zaria kọjá, ó sì dé Kánò ní 1911. Minna ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Kí wọ́n tó parí afárá Jẹ́bà ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Ọ̀ffà wà lójú ọ̀nà náà gan-an, láàárín Òṣogbo sí Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ọ̀ffà tó bá fẹ́ rí ayé nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fọn fèrè pè é.

Nítorí náà mo gbà pé òṣìṣẹ́ réluwéè ni. Mo wá orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn akọ̀wé, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń fi àsíá darí ọkọ̀. Mo dé Èbúté Mẹ́tta, níbi tí olú ilé iṣẹ́ réluwéè wà láti ayébáyé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà gbọ́ àlàyé mi tán, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé òṣìṣẹ́ réluwéè ni bàbá yín ni àbí èrò ọkọ̀?”

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ti bèèrè ìbéèrè yẹn rí. Olóbì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà! Ní ayé rẹ̀, Gọ́ọ̀lù Kóòsì ni ọ̀pọ̀ gbànja tí àwọn Hausa ń jẹ ti kọ́kọ́ ń wá, àfi ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ Agége àti Ìjẹ̀bú gbìn ín, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú irin kó o lọ sí Kánò àti Zaria. Apẹ̀rẹ̀ obì ni Bàbá Olóbì kó sínú ọkọ̀, kì í ṣe òòlù àti ṣọ́bìrì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi èyí mọ̀ ni pé kí ẹ tó wọ ilé àkójọ ìwé àtijọ́ kankan, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nílé sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé, ta ló rí èyí, ta ló kàn gbọ́ ọ. Oríkì àti ìnagijẹ máa ń pẹ́ ju ìtàn lọ. Ìtàn ni wọ́n máa ń tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, ní Kàdúná. Kubwa ni mò ń gbé, ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 2016 ni mo máa ń wọ̀ dé Rigasa. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹta ọdún 2022, iṣẹ́ mi dúró pátápátá, torí ìyá mi búra pé mi ò gbọdọ̀ gba títì. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá bàbá Yorùbá lè rò pé Ìbàdàn ló yẹ kí òun lọ. Ó dá lórí ìlú. Ìlọrin, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú ìtòsí wọn wà lábẹ́ Ìlọrin Province, òkè Ọya sì ni ìjọba òyìnbó kà á sí, nítorí náà Kàdúná ni àwọn ìwé wọn wà. Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Òṣogbo àti Ìbàdàn jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn, Ìbàdàn ni tiwọn wà. Lára fáìlì, ẹ ó máa rí lẹ́tà bí ILORPROF, ZARPROF, KANOPROF, tó ń sọ Province tí ìwé náà ti wá. SNP ni ti ọ́fíìsì àgbà tó ń bójú tó gbogbo Northern Provinces. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ẹ ó tẹ orúkọ sí kó gbé bàbá yín jáde. Ìwé àtòjọ ni wọn yóò gbé fún yín, ẹ ó ka àkòrí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí pépà, ẹ ó sì dúró kí wọ́n gbé e wá. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, kì í ṣe bírò. Ẹ mú ìbòjú dání nítorí eruku. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ohunkóhun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé náà rárá, torí pé bí inú ẹni bá dùn tàbí tó bà jẹ́ tán, kò sẹ́ni tó ń rántí nọ́ńbà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ láti nǹkan bí 1951. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ikán àti òjò ì bá ti jẹ ìdílé wa tán.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń wá, orúkọ ló sì fìyà jẹ mí jù. Akọ̀wé tí kì í ṣe Yorùbá ló kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà, bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ajàyí lè di Ajai, Ṣàlámì lè di Salawu lójú ewé kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní orúkọ ìdílé nígbà náà, ìlú ni wọ́n ń fi kún orúkọ wọn: Ali Offa, Sule Ilorin. Bí ó bá sì jẹ́ Hausa ló kọ ọ́, Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ni yóò fi tì í, ó ti parí. Bayarabe ló pọ̀ bí koríko nínú ìwé Zaria àti Kánò. Mo rí ọkùnrin kan ní Kánò tí orúkọ rẹ̀ bá ti Bàbá Olóbì mu, tó ń ta obì, tó ní wàhálà owó orí. Inú ilé wa dùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń bèèrè bóyá ó ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo ka fáìlì náà dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó gba ọ̀pọ̀ ìpè kí n tó fi yé gbogbo ènìyàn pé bàbá ẹlòmíràn ni. Orúkọ kan àti iṣẹ́ kan kò tó. Ẹ má sọ fún ìdílé títí ẹ ó fi rí ohun mẹ́ta tó bára mu: orúkọ, ìlú, àti ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dájú pé ó bá a gbé.

Mo wo inú ètò ìkànìyàn náà. Ìrètí mi pọ̀, torí mo ti gbọ́ pé ní ìlú òyìnbó, ìwé ìkànìyàn ló máa ń dárúkọ bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ilé kan. Tiwa yàtọ̀. Iye ènìyàn ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ wọn. Ti ọdún 1931 tilẹ̀ burú sí i, torí eéṣú ya bo òkè Ọya, àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó kànìyàn ni wọ́n kó lọ dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan jáde níbẹ̀ tó wúlò fún mi. Wọ́n máa ń sọ nílé pé ọdún eéṣú ni wọ́n bí bàbá àgbà mi. Mo wá mọ àkókò tí mò ń wá. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti wà láti 1917, àmọ́ ìlú díẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, kò sì sí opó Sabon Gari kan tó máa gbé ọmọ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí orúkọ rẹ̀ kò mú nǹkan wá, mo pa á tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkòrí nìkan. Níbo ni ọkùnrin olóbì kan máa ti bá ìjọba pàdé? Níbi owó orí, níbi ilẹ̀, níbi ìjà. Mo wá bèèrè àwọn fáìlì ZARPROF tó jẹ́ ti ilẹ̀ Sabon Gari àti àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀. Ibi tí ayé àwọn ènìyàn wa wà nìyẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Ọmọ ìlú mìíràn tí kò mọ̀wé, tó ní ẹjọ́, yóò lọ bá akọ̀wé lẹ́tà lábẹ́ igi, yóò san owó, akọ̀wé náà yóò kọ ọ́ sí ajẹ́lẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́jọ́ yóò sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ìwé wọ̀nyẹn sínú fáìlì, wọn kò jù ú nù. Gbèsè, ilé, ọmọ tí wọ́n jí gbé, ìyàwó tó kọ ọkọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i. Kì í ṣe Bàbá Olóbì ló kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni, ní 1937.

Ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ni opó ọkùnrin Ọ̀ffà kan tó ń ta obì ní Sabon Gari, ó sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ilẹ̀ ilé náà. Ó ní láti Minna ni òun ti ń bá a ta obì, pé owó òun wà nínú ilé náà. Ọmọ mẹ́ta ni òun bí fún un. Ó dárúkọ wọn. Ìkejì ni bàbá àgbà mi. Ó ní ọkọ òun kú, àbúrò ọkọ òun fẹ́ ṣú òun lópó, òun kọ̀, ó lé òun jáde, ó sì gba àwọn ọmọ. Ní ìsàlẹ̀, ó ní òun kò bèèrè ilé mọ́, kí ajẹ́lẹ̀ ṣáà bá òun gba èyí tó kéré jù, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Mo sunkún nínú yàrá ìkàwé yẹn. Obìnrin tí wọ́n ní ó sá lọ, tí wọ́n ní ó kọ ọmọ sílẹ̀, òun ló tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé nítorí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin tó lé e ni ẹni tí wọ́n kọ́ wa láti máa gbàdúrà fún. Mi ò lè ka ìyókù lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà ka á, mo rí ohun tí àwọn ọ̀gá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣà ìbílẹ̀ ni, kí Sarkin Yarbawa, olórí àwọn Yorùbá, yanjú rẹ̀. Òmíràn ní ilé náà kí ó wà lọ́wọ́ àbúrò olóògbé títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Kò sí èsì Sarkin Yarbawa nínú fáìlì. Kò sí gbólóhùn kan lórí ọmọ ọwọ́ náà.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ìbínú lè mú kí ènìyàn kà á sódì. Ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé ẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé lẹ́tà kan náà ló sì ń kọ̀wé fún gbogbo opó àdúgbò, gbólóhùn ẹkún kan náà ló máa ń tún lò. Ọ̀nà tí mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mo fi ẹkún sílẹ̀ fún akọ̀wé, mo mú orúkọ ọmọ, nọ́ńbà ilé àti Minna, torí kò sí bí akọ̀wé ṣe lè mọ ìyẹn bí kò ṣe pé obìnrin náà sọ fún un. Ẹ tún wo òfin tó yí i ká. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, òun sì jẹ́ ọmọ ìjọ Baptist bí ọ̀pọ̀ ará Ogbómọ̀ṣọ́. Lábẹ́ òfin Málíkì, ìyẹn ọ̀nà ṣàríà tí àwọn alkali, adájọ́ Mùsùlùmí, ń lò, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè jogún Mùsùlùmí. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún, àbúrò ọkọ sì lè ṣú u lópó. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n dí mọ́ ọn. Àbúrò Bàbá Olóbì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ayé rẹ̀ ì bá ṣe. Ó sì bọ́ àwọn ọmọ náà, ó rán bàbá àgbà mi lọ sílé ìwé. Mi ò lè pa ọ̀kan rẹ́ torí èkejì, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ogbómọ̀ṣọ́ tó wà nínú ìwé yẹn ló ṣílẹ̀kùn gbogbo ìyókù. Ẹgbẹ́ Ọ̀ffà ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ wọn látẹ̀yìnwá, ẹgbẹ́ Ogbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí n lọ bá. Bí ẹ kò bá tíì ronú nípa àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ ronú nípa wọn. Ní gbogbo ìlú òkè Ọya tí Yorùbá wà, wọ́n ń ṣèpàdé, akọ̀wé wọn ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ní èdè Yorùbá: ta ló bímọ, ta ló kú, ta ló jẹ ẹgbẹ́ lówó, ta ni wọ́n dáwó fún. Ìwé wọ̀nyí kì í sí nílé ìjọba, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ akọ̀wé àná ló wà. Màmá kan ní Zaria ló ṣí àpótí bàbá rẹ̀ fún mi. Ìwé náà ti gbó, eku ti jẹ ẹ̀bá rẹ̀. Mo rí i nínú ìpàdé kan ní 1938 pé wọ́n dáwó ọkọ̀ fún “opó olóbì ọmọ Ọ̀ffà” kó lè lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Jos. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, láìsí orúkọ. Bí mi ò bá ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣáájú, ojú mi ì bá ti fò ó.

Jos, kì í ṣe Gọ́ọ̀lù Kóòsì.

Àwọn ìwé ìjọ ló kàn. Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó bá ń wá ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ mọ̀ kí ó tó dààmú ara rẹ̀. Àwọn Áńgílíkà ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ìwé wọn sì máa ń kọ orúkọ òbí, iṣẹ́ bàbá, àdúgbò, àti àwọn tó dúró fún ọmọ náà. Ìjọ Baptist kì í ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí ènìyàn bá dàgbà, tó bá jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń rì í bọ omi. Nítorí náà ẹ má wá ọjọ́ ìbí ọmọ nínú ìwé ìrìbọmi wọn. Ìwé ìgbéyàwó ni kí ẹ wá. Nínú ìwé ìgbéyàwó òfin, àyè wà fún orúkọ bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ pẹ̀lú iṣẹ́ wọn, ìsàlẹ̀ sì ni àwọn ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ sí. Bí bàbá yín kò bá ní ìwé, ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè sọ fún yín ẹni tó jẹ́.

Ní ìjọ kan ní Jos, mo rí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mi obìnrin ní 1949, ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta tí ìwé ẹ̀bẹ̀ dárúkọ. Bàbá ìyàwó: oníṣòwò, olóògbé. Lára àwọn ẹlẹ́rìí ni obìnrin kan tí kò mọ̀wé, tó fi àmì sí ibi orúkọ rẹ̀. Orúkọ kan náà tó wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ 1937 ni. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dàgbà, ó ti wá ìyá rẹ̀ rí, ìyá náà sì dúró níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ayọ̀ tó wọ inú mi lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni mo ti rí nǹkan. Ní Kàdúná, ìjọ kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló jóná nínú rògbòdìyàn ọdún 2000. Ohun tí àwọn àgbà ìjọ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni pé wọ́n bẹ àwọn ọmọ ìjọ kí wọ́n mú káàdì ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó tó wà nílé wọn wá kí wọ́n lè tún un kọ. Ẹ bèèrè irú èyí. Ẹ yẹ inú Bíbélì àti Kùránì àtijọ́ wò, ojú ewé àkọ́kọ́ ni àwọn bàbá máa ń kọ ọjọ́ ìbí sí. Mo dé Arewa House pẹ̀lú, ilé tí Sardauna gbé nígbà ayé rẹ̀, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello báyìí. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ti ìjọba àti òṣèlú ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo rí, tiwa kò sí lára rẹ̀.

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé ló wá kù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti gbọ́ fìrí, ó sì ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ìdílé pé ọ̀lẹ àti olè ni àbúrò Bàbá Olóbì. Ọjọ́ yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ ọkùnrin náà wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan náà, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣojú fún wa ní Ọ̀ffà. Ìpàdé ọdún náà kò wáyé. Bí ẹ bá rí irú ohun báyìí, ẹ má fi fọ́tò ìwé kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù, ẹ lọ bá a nílé, ẹ jókòó tì í, ẹ kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ dákẹ́.

Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú Ìyá Kàdúná nìyẹn nígbà tí ọwọ́ ìjà rọlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà fún wọn ní Yorùbá. Wọn kò sunkún. Wọ́n bi mí pé, “Jos lo pè é?” Mo ní, “Ẹ̀n, mà.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, lẹ́yìn Iléyá, bàbá àwọn máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Jos lóun nìkan. Yóò kó ẹran àti aṣọ dání. Bí ó bá ń bọ̀, yóò gbé àpò ànàmọ́ òyìnbó wálé, ìyá àwọn yóò sè é, àwọn yóò jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìyá àwọn kò bèèrè ẹni tó fún un. Lọ́dún kan ó lọ, ó padà láìgbé nǹkan kan, kò sì lọ mọ́.

Bàbá àgbà mi mọ ìyá rẹ̀. Ó ń lọ kí i títí ìyá náà fi kú. Kò sọ fún wa, torí pé ọkùnrin tó tọ́ ọ wà láàyè, ó sì ń jẹun nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bi Ìyá Kàdúná ní ìbéèrè kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ọdún ni mo ń bèèrè, orúkọ ni mo ń bèèrè. Ẹ bi àwọn àgbà obìnrin ní ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó sè é, ibi tó ti wá, aṣọ tí wọ́n rán, ẹni tó jókòó ti ìyá ọmọ nígbà ìkómọ. Ẹ ṣí fóònù yín sílẹ̀ kó máa gbà á sílẹ̀, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì fún yín pẹ̀lú. Mo ní kí Ìyá Kàdúná ki bàbá wọn. Wọ́n ki Ìyẹ̀rú Ọ̀kín bí gbogbo ọmọ Ọ̀ffà ṣe ń ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n ki oríkì Ìkòyí, ìran mìíràn, mọ́ ọn. Mo bi wọ́n pé níbo ni Ìkòyí ti wọlé. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀, bí bàbá àwọn ṣe ń ki ara rẹ̀ nìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn.

A ti bá àwọn ọmọ àbúrò Bàbá Olóbì jókòó. Ọ̀kan lára wọn mú ìwé ilé náà wá láìjẹ́ pé a bèèrè, ó ní bàbá òun ní kí wọ́n má tà á láé torí pé ti ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Gọ́ọ̀lù Kóòsì tí wọ́n ń sọ náà ti yé wa: ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó wà ní Jos ló padà lọ sí Tamale, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba Busia ní kí wọ́n kúrò ní Gánà nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ogbómọ̀ṣọ́, a ti rí méjì nínú wọn.

Mi ò kọ orúkọ ìyá náà síbí, torí Ìyá Kàdúná ní kí n dúró títí a ó fi kó gbogbo ìdílé jọ sọ ọ́. Ìwé tó kù fún mi láti wá ni ti kóòtù alkali ní Zaria, níbi tí wọ́n ti lè pín ogún Bàbá Olóbì. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ èyí tó pẹ́ nínú wọn, mo sì ti rí àfáà kan ní Tudun Wada tó gbà láti bá mi kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé Ọ̀yọ́ Province ní Ìbàdàn, bóyá orúkọ bàbá tó bí ìyá náà yóò jáde níbẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́ náà, a kò tíì rí i nínú ìwé kankan lẹ́yìn 1937, àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1938 àti 1939 ni mo fẹ́ kà nígbà tí mo bá tún dé Kàdúná.